Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Kò Pọ́n

Orúnkún Alàgbà Òkédìran dún bí ó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Iná pupa kékeré tàn lára ògiri. Ó dúró. Ó kọjú sí ògiri náà bí ẹni tó ń bẹ àna.

"Eegun ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Eegun arúgbó ni. Kì í ṣe ìjà."

Iná náà kú.

"Orúnkún mi nìkan ni arúfin tó kù ní Òkè-Ìdákẹ́," ó sọ fún Dúrówojú, obìnrin tó ń tẹ̀ lé e. "Ìyá Abíọ́nà, bí wọ́n bá wá mú un, jẹ́ kí wọ́n mú ti òsì. Ti ọ̀tún ṣì wúlò díẹ̀."

Dúrówojú rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ní ìlú náà.

Àmì wúrà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n dé: Ilé Àlàáfíà. Díẹ̀ ni ilé tó ní in. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n wọ bàtà òwú. Láyé àtijọ́, òwe ni ògiri létí. Nísinsìnyí etí náà rí róbótó bí ìdérí ìgò, ó wà nínú yàrá gbogbo, Ilé-iṣẹ́ Ìtọ́jú Èwe ló sì ni ín. Àwọn méjèèjì yìí, iṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

A kì í kan ilẹ̀kùn. Dúrówojú gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Wọ́n dúró.

"O ti gbọ́ ti olùkọ́ ìṣirò yẹn?" ni alàgbà béèrè.

"Èwo, sà?"

"Ti Ìsàlẹ̀ Àpáta. Bàbá rẹ̀ máa ń nà án ní kékeré. Ó fi pa mọ́ fún wa. Lánàá ni wọ́n kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí Ilé Òwú."

"Ṣé ó na àwọn ọmọ náà ni?"

"Kò nà wọ́n rí. Òfin kò béèrè ìyẹn. Ara tó bá ti mu ẹ̀rù ní kékeré, ẹ̀rù náà á máa jò sára ọmọ tirẹ̀. O mọ òfin jù mí lọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ẹ̀rù bá bani wà níbẹ̀, ó funfun. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Wọ́n bi í pé báwo ni èwe rẹ̀ ṣe rí. Ó ní àlàáfíà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ náà jẹ́rìí sí i, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Abíọ́nà, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ilẹ̀kùn ṣí láìdún.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà." Ìyá Tẹniọlá ni. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì tín-ínrín. Ohùn wọn dà bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá kejì.

Òwú wà lẹ́sẹ̀ àga. Igi ni ife, igbá ni àwo. Ohun kan ṣoṣo ló lè fọ́ nínú ilé náà: àwo tánganran kan lórí pẹpẹ, ogún ìyá àgbà, pẹ̀lú òdòdó búlúù létí rẹ̀. Fèrèsé ṣí díẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti òdìkejì odò, ó gbé ìró odó wá. Àwọn ará ọ̀hún ṣì ń gúnyán. Òfin Òkè-Ìdákẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá Tẹniọlá sáré ti fèrèsé náà, ó sì wo etí tó wà lára ògiri bóyá ó gbọ́.

"Òní lọjọ́ yín," ni alàgbà wí fún wọn. Ó jókòó. "Ọdún mẹ́ta gbáko. Bí èmi àti obìnrin yìí bá tẹ̀ka, àmì yín á di ti ayérayé. Kò sí ẹni tí yóò tún wá yẹ ilé yìí wò títí ọmọ yín á fi dàgbà."

"Ẹ ṣé, sà," ni bàbá ọmọ náà wí. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀. Ó fi apá aṣọ bò ó.

Ọmọ náà jáde. Ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n di irun rẹ̀ dáadáa, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bá ògiri ló ń rìn. Ó dé iwájú àwọn àlejò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà."

Alàgbà mi orí sí i. Ní Òkè-Ìdákẹ́, orí mímì ti tó. Dúrówojú la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn mìíràn ṣáájú tirẹ̀.

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé ara le? Ó tó, dìde."

Ohùn obìnrin ni, ohùn ìyá tó tutù tó sì kún. Dúrówojú wo Ìyá Tẹniọlá. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà gan-an ni ohùn náà ti wá. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó lọ dúró sí igun yàrá.

"Eré ọmọdé," ni alàgbà wí.

"Eré ni, sà." Bàbá ọmọ náà kò wo igun náà.

Ìyá gbé omi wá. Ọmọ náà yà lọ́nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó gbé ife kan sílẹ̀ nítòsí igun náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ìgbà náà ni ọmọ náà mú un.

"Ẹ ṣé, mà," ó wí. Ó mu omi. "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi."

Irun ọwọ́ Dúrówojú dìde. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Ó pe ọmọ náà. Ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wà níbẹ̀, bí ó ṣe wà nídìí gbogbo ọmọ ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ń tọ́ òógùn ara wò. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ara rẹ̀ á tú omi ìpayà sínú ẹ̀jẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà á sì pọ́n. Dúrówojú gbé awò tí ó fi ń kà á sún mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta tò sójú awò náà. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Kò pọ́n lọ́jọ́ tí àrá sán. Kò pọ́n lọ́jọ́ tí eyín yọ. Ti Abíọ́nà máa ń pọ́n bí aláǹgbá bá gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

"Ó mọ́ bí ẹyin," ni alàgbà wí. Ó dìde láti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kà. "Ẹ̀rù díẹ̀ a máa kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ẹ̀rù tí kò lọ a máa jẹ ọpọlọ ọmọ, bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Ọmọ náà á dàgbà, òrùlé á sì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ìrẹ̀wẹ̀sì á fara ti òpó náà, á sì wó. Ẹ̀yin kò jẹ́ kí ikán wọlé. Ìyá Abíọ́nà, gbé àtàǹpàkò wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo fẹ́ fọwọ́."

Ìyá Tẹniọlá mú un lọ sí ilé ìdáná. Dúrówojú ṣí ẹ̀rọ omi. Ó ṣí i gan-an. Bí omi bá ń ṣàn, ògiri kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀, wọn kì í sọ fún ará ìlú.

"Ìyá Tẹniọlá, ìgbà wo lẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"A kò bá a jà rí."

"Mi ò béèrè ìjà."

Obìnrin náà wo omi.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Mo ń ro ẹ̀kọ. Ó na ọwọ́ sí ìkòkò. Mo kígbe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, mà. Ògiri tàn, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Wọ́n mú un lọ sí Ilé Òwú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí iṣu tuntun fi jáde."

"Kí iná má baà jó o lẹ ṣe kígbe."

"Ògiri kò mọ ìyẹn." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Nígbà tó dé, èmi àti bàbá rẹ̀ fẹnu kò. Ohun tí a kò bá sọ, ògiri kò lè gbọ́ ọ. À ń fún un lóúnjẹ. À ń dirun fún un. Bó bá sùn, mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń wo ojú rẹ̀."

"Kí ló ṣe nígbà náà?"

"Ó ń tẹ̀ lé mi kiri. Ó ń kí mi, ó tún ń kí mi. Á kúnlẹ̀ títí, kò ní dìde, nítorí n kò dá a lóhùn. Ó pọ́n díẹ̀ nígbà náà, kí ọdún mẹ́ta yìí tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó funfun. Ẹ ti rí i fúnra yín. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Àbí kò balẹ̀ ni?"

"Ta ló ń fi ohùn yín dá a lóhùn?"

Obìnrin náà ti ẹ̀rọ omi díẹ̀, ó tún ṣí i.

"N kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ," ó wí. "Èmi gan-an ò rántí pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí."

Dúrówojú fọwọ́ sábẹ́ omi. Ó mọ ibi tí ọmọ náà wà. Ó ti gbé ibẹ̀ rí. Nígbà tí Dúrówojú wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ máa ń wú ikọ́ bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìró ikọ́ náà ni ó ti ń mọ irú ọjọ́ tí yóò jẹ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń wà. Ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó kọ́ bí a ṣe ń bọ́ ara sílẹ̀ bí aṣọ. Ara á wà níbẹ̀ fún bàbá, òun á lọ síbòmíràn. Lọ́dún tí òfin dé abúlé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Ó funfun. Wọ́n kí bàbá rẹ̀ kú iṣẹ́.

Kò tíì padà tán láti ibi tó lọ. Àárọ̀ mìíràn wà tí yóò jí, tí kò ní lè dìde. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e láyà. Ọkọ rẹ̀ á ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ pé inú ń run ún. Abíọ́nà á jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn, á máa sọ ìtàn aláǹgbá fún un. Bó ti wù kí ọlọ náà wúwo tó, ó máa ń dá a lóhùn.

Ó ti omi. Ó padà sí yàrá.

"Mi ò lè tẹ̀ka, sà."

Alàgbà wò ó. "Funfun ni."

"Funfun méjì ló wà. Ara kan wà tí kò ké nítorí pé nǹkan kan ò ṣe é. Òmíràn ké títí, ẹnì kankan ò dá a lóhùn, ó wá dákẹ́. Awò kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sí, sà."

"Ọmọ mi, n kò lè gbé 'kò sí' dé iwájú àwọn àgbà. Mú ẹ̀rí wá. Bí kò bá sí, tẹ̀ka ká lọ. Orúnkún ń dùn mí."

Bàbá Tẹniọlá ti ń làágùn. Ìyá Tẹniọlá dúró lẹ́nu ilé ìdáná. Ọmọ náà wà ní igun, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan.

Dúrówojú ronú kan Abíọ́nà. Ó ronú kan Ilé Òwú tó wà lórí òkè, àti àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n máa ń tò lọ tò bọ̀ nínú bàtà òwú, tí wọ́n máa ń mi orí sí gbogbo ẹni. Bí ó bá tẹ̀ka, òun á délé kí oúnjẹ tó tutù. Ilẹ̀kùn yìí á sì tì títí ọmọ náà á fi dàgbà.

Ó gbé àwo tánganran náà kúrò lórí pẹpẹ. Ó fi lu ilẹ̀.

Ìró náà gba yàrá. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn pupa. Bàbá Tẹniọlá wólẹ̀, ó fọwọ́ borí. Ìyá Tẹniọlá di etí mú. Alàgbà di àyà mú, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sì pọ́n bí ata. Ti ìyá àti bàbá ọmọ náà pọ́n pẹ̀lú.

Ọmọ náà kò ṣẹ́jú. Àfọ́kù kan ti ta dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wò ó.

Dúrówojú lọ kúnlẹ̀ tì í. Ó ká aṣọ ọmọ náà sókè, ó sì gbé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ sún mọ́ ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì. Funfun méjì nínú iná pupa.

"Ẹ wò ó, sà."

Alàgbà wò ó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ta ló ṣe é fún ọ?"

"Bàbá mi."

"O sọ fún wa pé àlàáfíà ni."

"Mo purọ́, sà."

Iná pupa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Alàgbà jókòó. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń ka gbogbo ilé tó ti wọ̀ rí, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ funfun tó ti tẹ̀ka sí.

"Ọ̀pọ̀ ni," ó wí. Kò sọ ohun tó pọ̀.

Ó dìde, ó yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò rẹ̀. Òfin gbà pé kí òṣìṣẹ́ àgbà yọ etí ògiri tó bá ti pa ọmọ lára kúrò nínú ilé. Kò tíì sí ẹni tó ṣe é rí. Ó lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń yọ wọ́n. Ihò dúdú kéékèèké ló kù lára ògiri. Ó kó àwọn etí náà sápò.

"Ẹ lè sọ̀rọ̀," ó wí fún Ìyá Tẹniọlá.

Obìnrin náà wo ihò. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà rí i pé wọ́n ń wo òun. Ó ṣe ohun tó mọ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín àfọ́kù.

"Ẹ káàsán, mà."

Ó la ẹnu láti dáhùn fúnra rẹ̀.

"Káàsán." Ohùn ìyá rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. "Káàsán, ọmọ mi. Tẹniọlá. Dìde, àwo á gé ọ. Dìde, jọ̀ọ́."

Ọmọ náà yíjú. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo igun yàrá, ó tún wo ìyá rẹ̀.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, mà?"

Ìyá rẹ̀ wólẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú ariwo, bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kò sí iná tó tàn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ náà ṣì funfun. Dúrówojú mọ̀ pé kò ní pọ́n lónìí. Bóyá kò ní pọ́n lọ́dún yìí.

"Ẹ máa dá a lóhùn," ó wí fún wọn. "Bó bá pẹ́ títí, ẹ ṣáà máa dá a lóhùn."

Níta, alàgbà sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ lórí àpò.

"Ohun tí àwọn etí yìí gbọ́ wà nínú wọn," ó wí. "Ìró àwo. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Bí mo bá sọ wọ́n sódò, ẹ̀rí ọmọ yẹn sọnù. Etí tuntun ni wọ́n á gbé wá síbí."

"Ẹ má sọ wọ́n sódò, sà."

"Bí mo bá gbé wọn dé ilé-iṣẹ́, wọ́n á wá mú Abíọ́nà."

"Mo mọ̀."

Wọ́n rìn títí dé oríta. Alàgbà dúró, ó tẹ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, ó yí ojú.

"Aago méje ni mo máa ń débi iṣẹ́. Lọ́la, n kò rò pé màá tètè dìde. Èyí tó wúlò náà ti ń dùn mí."

"Orúnkún á san, sà."

"Bó bá di ọ̀sán, á san." Ó mi orí sí i. Ó tún padà, ó la ẹnu. "Ó dàárọ̀, Dúrówojú."

"Ó dàárọ̀, sà."

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí Dúrówojú mú Abíọ́nà dé etí odò. Ọkọ rẹ̀ ru ẹrù. Nígbà tí Dúrówojú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ kan ló bi í: "Ṣé ọmọ yẹn gbọ́ ìyá rẹ̀?" Ó ní ó gbọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Odò kò ní ògiri. Ìkùukùu bo omi. Nínú rẹ̀ ni ohùn kan ti jáde, ohùn ọkùnrin, tó le, tó ga. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ irú rẹ̀ ní gbangba fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ ooo! Ẹ jí ire bí?"

Abíọ́nà sá sínú ìró ìyá rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ pọ́n tó fi hàn lára aṣọ.

"Ṣé ó ń bá wa jà ni, mà?"

"Rárá. Ọlọ́kọ̀ ni. Ó ń kí wa."

"Kí ló dé tí kò mi orí?"

"Kò lè rí wa níbi tó wà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a wà."

Ìkùukùu dákẹ́. Ọkùnrin náà ń dúró. Dúrówojú mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó la ẹnu. Àyà rẹ̀ lù, ó tún lù. Ó fẹ́ bọ́ ara sílẹ̀ bí aṣọ kó sì lọ. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ dì í mú. Kò lọ.

"A jí ire o!" ó ké. Ohùn rẹ̀ já lágbedeméjì. Ó tún un gbé. "A wà níbí o! A jí ire o!"

Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé ojú òun ni. Ó nù ún pẹ̀lú àtàǹpàkò, kò lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ti pọ́n.

Nínú ìkùukùu, àjẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu omi, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.